Oníná tó ń gun òrùlé fún mi: ṣé kí n gbé e sórí owó-oṣù ni, àbí kí n máa pè é níṣẹ́-níṣẹ́?

OníSólà_Àkóbọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ wa ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC, èèyàn mẹ́fà ló sì ń gbowó oṣù níbẹ̀. Àwọn tó ń gun òrùlé fún wa kò sí nínú àwọn mẹ́fà yẹn, agbaṣẹ́ṣe ni gbogbo wọn. Bí iṣẹ́ bá dé, màá pè wọ́n, wọ́n á to páànẹ́ẹ̀lì, wọ́n á so ìnfátà mọ́ bátìrì, màá san 25,000 náírà fún olórí wọn lórí ilé kan, ó parí.

Ní báyìí, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ jù nínú wọn ní òun fẹ́ dúró sójú kan. Ó ní kí n gba òun síṣẹ́ pátápátá, kí n máa fún òun ní 200,000 lóṣù. Láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Kẹrin, tí ooru bá mú, iṣẹ́ máa ń ya lù wá, a máa ń tó ilé mẹ́wàá sí méjìlá lóṣù. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ó lè má ju mẹ́rin lọ. Ilé mẹ́jọ lọ́nà 25,000 jẹ́ 200,000, ó wá dà bí ẹni pé ọgba ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi tó ń bá mi mójú tó owó ní owó-oṣù kì í dúró síbi tí wọ́n bá sọ ọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Akáńtáǹtì_Bódìjà

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ìyàwó yín sọ. Ẹ jẹ́ ká gbà pé 200,000 yẹn ni odidi owó-oṣù kí a tó yọ ohunkóhun nínú rẹ̀, ìyẹn 2,400,000 lọ́dún. Ohun tó máa gun orí rẹ̀ nìyí.

Péńṣọ̀n ló tóbi jù. Òfin péńṣọ̀n ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán 10%, kí òṣìṣẹ́ náà dá 8%, lórí owó-oṣù ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 160,000 nínú 200,000 yẹn, 16,000 ni tiyín lóṣù, 192,000 lọ́dún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni NSITF, owó ìjàǹbá lẹ́nu iṣẹ́ tí òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san. 1% gbogbo owó-oṣù ni, 24,000 lọ́dún. Ẹ kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. ITF, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, tún jẹ́ 1% owó-oṣù ọdún kan, ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, ẹ sì ti ní mẹ́fà: 24,000 mìíràn. HMO, ìyẹn ètò ìtọ́jú ìlera òṣìṣẹ́, wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ẹ bá bá dá a, ẹ jẹ́ ká fi 50,000 sí i lọ́dún.

Gbogbo rẹ̀ já sí 2,690,000, ó lé díẹ̀ ní 224,000 lóṣù. Bí ẹ bá fi 25,000 pín in, ó tó owó ilé 108 lọ́dún, ìyẹn mẹ́sàn-án lóṣù, kì í ṣe mẹ́jọ. Èmi kò tíì ka ìsinmi o. Òfin iṣẹ́ ní kí ẹni tó bá ti pé ọdún kan gba ó kéré tán ọjọ́ mẹ́fà ìsinmi pẹ̀lú owó, ọjọ́ àìsàn sì lè tó méjìlá lọ́dún tí ẹ máa sanwó rẹ̀. Bàtà, ìbọ̀wọ́, ìgbànú òrùlé, owó dátà, epo ọ̀kadà, ẹ̀yin náà lẹ ni gbogbo rẹ̀.

Ọmọ_Òkè_Àdó

Ẹ̀gbọ́n Akáńtáǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé péńṣọ̀n kan ilé-iṣẹ́ tí kò tó èèyàn 15?

Akáńtáǹtì_Bódìjà

Kò kàn án nípá. Láti èèyàn 15 sókè ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, àwọn tó kéré sí i lè wọlé bí wọ́n bá fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá yìí bá ń wo iṣẹ́ ìjọba lọ́nà, irú bíi gbígbé sólà sí ilé ìwòsàn abúlé, wọ́n máa bi í léèrè ìwé ẹ̀rí PenCom, àjọ tó ń mójú tó péńṣọ̀n, ti ITF àti ti NSITF kí wọ́n tó ṣí àpòòwé rẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi kà á mọ́ ọn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa máa ń gbójú fò. Ọ̀gá, nígbà tí arákùnrin yẹn pe 200,000, ṣé odidi owó-oṣù ló ń pè, àbí owó tó máa dé ọwọ́ rẹ̀? Oníṣẹ́ ọwọ́ wa kì í pe owó tí wọ́n máa gé nǹkan nínú rẹ̀. Ohun tó fẹ́ kà sápò ló ń sọ.

Bí 200,000 bá jẹ́ odidi, péńṣọ̀n tirẹ̀ máa gba 12,800. Owó-orí PAYE lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 fi 800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún sílẹ̀, ó sì gba 15% lórí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn já sí nǹkan bí 18,000 lóṣù fún un, bí a kò bá tíì yọ ìdẹ̀ra owó ilé tó ń gbé. Ohun tó máa kù sí i lọ́wọ́ jẹ́ nǹkan bí 169,000. Ní ìparí oṣù àkọ́kọ́ ni ìjà máa bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí 200,000 gan-an dé ọwọ́ rẹ̀, odidi rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ 239,000. Ẹ fi péńṣọ̀n, NSITF, ITF àti HMO lé e, ẹ ti ń ná nǹkan bí 267,000 lóṣù lórí ọkùnrin tó rò pé 200,000 lẹ ń san fún òun. Owó ilé 128 nìyẹn lọ́dún.

OníSólà_Àkóbọ̀

Háà! Owó tó máa dé ọwọ́ rẹ̀ ló ń pè, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin lọ́yà tó wà níbí ń kọ́? Ṣé mo lè fi í sílẹ̀ ní agbaṣẹ́ṣe, kí n kàn máa san owó kan náà fún un lóṣooṣù, kí gbogbo owó tó gun orí ẹ̀ yìí má kàn mí?

Agbẹjọ́rò_Ìyágankú

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ilé-ẹjọ́ kì í wo orúkọ tí ẹ pè é nínú ìwé, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n máa ń wò. Ẹjọ́ Shena Security àti Afropak tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní 2008 ni gbogbo wa ń gbé dání lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí a wò ó bóyá owó-oṣù ni wọ́n ń san fún ẹni náà ni, àbí owó iṣẹ́ tó parí. Ta ló ni irinṣẹ́? Ṣé ó lè rán ẹlòmíràn wá ṣe iṣẹ́ náà dípò ara rẹ̀? Ṣé wọ́n dá wákàtí fún un?

Ẹ wá fi ti arákùnrin yìí wé e. Bó ṣe ń ṣe é báyìí, ẹ ń sanwó lórí ilé kan, ó ń gbé àkàbà àti dríìlì tirẹ̀ wá, ó lè kọ iṣẹ́ yín kó lọ ṣe ti ẹlòmíràn. Agbaṣẹ́ṣe ni, kò sí àríyànjiyàn. Ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí san 200,000 lópin oṣù, tí ẹ ní kó dé ní aago mẹ́jọ, tí ẹ fún un ní aṣọ iṣẹ́ tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́, tó ń lo irinṣẹ́ yín, tí kò sì lè lọ síbòmíràn, òṣìṣẹ́ ti dé nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ẹ kọ “agbaṣẹ́ṣe” sí orí ìwé náà ní lẹ́tà ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí kedere, torí orí òrùlé ni iṣẹ́ yín wà. Òfin ìjàǹbá ti 2010 kò mọ sí òṣìṣẹ́ tó ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ nìkan. Ó ka ẹni tí a gbà fún ìgbà díẹ̀, ọmọṣẹ́, àti ẹni tí a gbà lójoojúmọ́ mọ́ òṣìṣẹ́, kódà bó jẹ́ pé ẹnu lásán lẹ fi ṣe àdéhùn. Bí èèyàn bá já bọ́ láti òrùlé alájà méjì, tí ilé-ẹjọ́ sì rí i pé òṣìṣẹ́ yín ni, NSITF ni ì bá gbé ìtọ́jú rẹ̀. Bí ẹ kò bá san 1% yẹn, ọ̀dọ̀ yín ni àwọn ẹbí rẹ̀ máa wá. 2,000 náírà lóṣù lẹ fẹ́ tìtorí rẹ̀ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sórí.

Bí ẹ bá gbà á síṣẹ́, ẹ fún un ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Òfin iṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Agunrùlé_Mọnátán

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Irú iṣẹ́ tí ẹ ń sọ yìí gan-an ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

25,000 yẹn kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹnì kan kò lè gbé páànẹ́ẹ̀lì gun òrùlé. Ọmọṣẹ́ méjì ni mo máa ń mú dání, màá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 5,000. Ọkọ̀ tó máa gbé wa àti àkàbà lọ kò ní dín ní 3,000. Ohun tó kù mí kù jẹ́ 12,000. Nínú ẹ̀ náà ni ojú dríìlì tó dá sínú kọnkéré wà. Bí mo bá ṣe ilé mẹ́jọ lóṣù, 96,000 ni mo rí, mo sì ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Bí òjò bá dé, kò tó ìdajì ìyẹn. Lọ́jọ́ tí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀, òfo ni.

Nítorí náà, ọ̀gá, bí ẹ bá gbé e sórí 200,000, ta ni yóò máa sanwó àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀? Ó dá mi lójú pé kò ní í yọ ọ́ nínú owó-oṣù rẹ̀ mọ́. Mi ò sọ èyí láti ba tirẹ̀ jẹ́ o. Ó yẹ kó rí owó gidi, torí iṣẹ́ náà le. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Akáńtáǹtì_Bódìjà

Àbúrò mi, o ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí yí gbogbo ìṣirò padà.

Ọ̀gá, ẹ wò ó. A ti ń fi ọkùnrin kan wé ọwọ́ èèyàn mẹ́ta pẹ̀lú ọkọ̀. Bí ẹ bá gbà á síṣẹ́, ẹ̀yin lẹ máa san 10,000 ọmọṣẹ́ àti 3,000 ọkọ̀ lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí owó-oṣù rẹ̀ máa dín kù fún yín jẹ́ 12,000 péré lórí ilé kan. Ẹ fi 12,000 pín 2,690,000: ilé 224 lọ́dún, ó ń lọ sí mọ́kàndínlógún lóṣù. Ẹ̀yin fúnra yín sọ pé méjìlá ni ẹ̀ẹ̀rùn tó gbóná jù ń mú wá.

Lórí gbígbé páànẹ́ẹ̀lì nìkan, kò sí bí owó-oṣù yìí ṣe lè gbè yín. Bí iṣẹ́ mìíràn bá wà tó lè máa ṣe fún yín láàárín àwọn ọjọ́ tí kò sí lórí òrùlé, ẹ sọ fún wa ká gbé e yẹ̀ wò.

Màmá_Télọ̀

Èmi kò mọ nǹkan kan nípa sólà, aṣọ ni mò ń rán ní Mókọ́lá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí bá mi mu. Àwọn tó ń ránṣọ fún mi, aṣọ-aṣọ ni mò ń san fún wọn. Gígé nìkan ni mo gbé sórí owó-oṣù, torí ẹni tó bá ń gé aṣọ ló mọ ìwọ̀n gbogbo oníbàárà mi. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń wọlé tó ń jáde bó ṣe wù ú, àwọn oníbàárà mi ló máa bá a lọ. Ọ̀gá OníSólà, ta ni oníbàárà yín máa ń pè bí iná bá kú lóru, ẹ̀yin ni àbí agbaṣẹ́ṣe yẹn?

Yétúndé_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni èmi wà, ìṣirò kan náà là ń ṣe níbí, owó rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ gbà pé mo gba èèyàn kan síṣẹ́ ní £30,000 lọ́dún. Láti April 2025, National Insurance (owó ìrànwọ́ ìjọba) ti agbanisíṣẹ́ ti di 15% lórí ohun tó bá ju £5,000 lọ, £3,750 nìyẹn. Péńṣọ̀n 3% lórí owó tó bá ju £6,240 lọ fi £713 lé e. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún, mo máa sanwó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré bíi tèmi lè gba ìdẹ̀ra tí wọ́n ń pè ní Employment Allowance, £10,500 lọ́dún, ó sì lè gbé gbogbo £3,750 yẹn kúrò. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó ní ṣọ́ọ̀bù níbí kì í béèrè fún un.

Orúkọ lásán kò gba èèyàn sílẹ̀ níbí náà. Uber sọ fún ilé-ẹjọ́ pé oníṣòwò aládàáni ni àwọn awakọ̀ òun. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbí ní February 2021 ní rárá, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ bíi owó tó kéré jù àti owó ìsinmi tọ́ sí wọn. Wọ́n wò ó pé Uber ló ń dá iye owó, òun ló ń kọ àdéhùn, òun ló sì lè jẹ awakọ̀ tó bá ń kọ iṣẹ́ níyà. Ohun tí Lọ́yà sọ lókè náà nìyẹn.

Báyọ̀_Houston

Ní ti Amẹ́ríkà níbí, agbanisíṣẹ́ máa ń san 7.65% fún Social Security àti Medicare (owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera àgbàlagbà) lórí owó òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ náà san 7.65% tirẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ló ń dá 15.3% náà gbé. Nítorí náà, agbaṣẹ́ṣe tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ń fi ìyẹn lé owó rẹ̀, a sì máa sanwó náà lọ́nà mìíràn. Ẹni tí kò bá fi lé e, kò tíì ṣe ìṣirò ni, kò ní pẹ́ tó fi máa fi yín sílẹ̀ láàárín iṣẹ́.

OníSólà_Àkóbọ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìbéèrè Màmá Télọ̀ ló mú mi jókòó. Nígbà tí ìnfátà bá ń ké, tàbí tí bátìrì kò gba iná mọ́, èmi ni wọ́n ń pè, torí ọdún kan ni ìdánilójú tí mo fún wọn lórí iṣẹ́. Màá wá máa bẹ agbaṣẹ́ṣe kiri pé kó bá mi lọ wò ó, á gba owó lọ́wọ́ mi, nígbà mìíràn kò ní í dé títí ọjọ́ kẹta. Àwọn kan nínú oníbàárà mi ti ní nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń ra páànẹ́ẹ̀lì kún tiwọn.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ fún un rèé. Kó wá síṣẹ́ pátápátá, àmọ́ kì í ṣe láti máa gbé páànẹ́ẹ̀lì. Òun ló máa mójú tó àtúnṣe gbogbo oníbàárà, òun ló máa lọ yẹ ilé wò kí a tó dá iye owó, òun ló sì máa fọwọ́ sí iṣẹ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe kí n tó san owó tó kù fún wọn. Odidi 150,000, pẹ̀lú péńṣọ̀n, HMO àti NSITF. Àwọn tó ń gun òrùlé máa wà bí wọ́n ṣe wà, ṣùgbọ́n màá sún owó wọn sí 28,000 láti fi san ìgbànú òrùlé àti bàtà, kò sì ní í sí ẹni tó máa gun òkè láìsí i mọ́. Ọ̀rọ̀ Agunrùlé wọ̀ mí lára gan-an.

Akáńtáǹtì_Bódìjà

Ó dáa bẹ́ẹ̀. 150,000 yẹn máa ná yín ní 2,030,000 lọ́dún pẹ̀lú gbogbo ohun tó gun orí ẹ̀, ìyẹn bíi 169,000 lóṣù. Nǹkan bí 129,000 ló máa dé ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn péńṣọ̀n àti owó-orí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un báyìí kó tó gbà: odidi, ohun tí a máa gé, ohun tó máa dé ọwọ́ rẹ̀, àti péńṣọ̀n 21,600 tó ń wọ àpò ara rẹ̀ lóṣooṣù. Kó fi wé 96,000 tí kò dúró sójú kan.

Ní ti àwọn agbaṣẹ́ṣe, ẹ gba nọ́ńbà owó-orí lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn. Lábẹ́ ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2025, ilé-iṣẹ́ kékeré kò ní láti gé owó-orí sílẹ̀ lára owó agbaṣẹ́ṣe tí kò bá ju 2,000,000 lọ lóṣù, bí ẹni náà bá ní nọ́ńbà yẹn. Ẹni tí kò bá ní in, ìlọ́po méjì ni wọ́n ní kí ẹ gé. Ẹ sì máa gba ínfọ́ìsì tó ní orúkọ ilé tí wọ́n ṣe.

Agbẹjọ́rò_Ìyágankú

Ẹ fi ìlà méjì kún ìwé àwọn agbaṣẹ́ṣe yẹn. Àkọ́kọ́: irinṣẹ́ àti ohun ààbò jẹ́ tiwọn, owó rẹ̀ sì ti wà nínú 28,000. Èkejì: ẹ máa di díẹ̀ mú nínú owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún oṣù kan, kí ẹni tó bá so wáyà lódì lè padà wá tún un ṣe lówó ara rẹ̀. Ti òṣìṣẹ́ tuntun yẹn, ẹ kọ iye ọjọ́ ìkìlọ̀ sí i. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì ni òfin ní kó kéré tán, lẹ́yìn márùn-ún, oṣù kan.

OníSólà_Àkóbọ̀

Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe sọ. Ó bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun lọ fi han ìyàwó rẹ̀, ó dáhùn lálẹ́ àná: ó gbà, bí mo bá fi ọ̀kadà ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún un láti máa fi lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà. Mo gbà. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ránṣẹ́ sí NSITF pé a ti di méje.